Orúkọ Lówó Lórí: Bí Ìjọba Ṣe Ń Fi Bọ́sítọ́ọ̀pù àti Pápá Ìṣeré Pawó, àti Ibi Tó Ti Kan Èrúwà

Ẹ wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ní Èrúwà lọ́jọ́ tí Arsenal bá ń gbá nílé. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ ó ti máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tó jókòó síwájú: "Emirates la wà lónìí, ẹni tó bá wá á gba mẹ́ta lọ sílé!" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì wọ bàálù rí. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé-iṣẹ́ bàálù kan ní Dubai ti mọ́ wọn lẹ́nu bí orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn.

Kò ṣàdédé ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2004, Emirates bá Arsenal tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn tí wọ́n ní owó rẹ̀ tó 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Owó yẹn ló gba orúkọ pápá fún ọdún 15, òun náà ló gba iwájú ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù fún ọdún 8. Wọ́n ṣí pápá náà lọ́dún 2006. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti dárúkọ pápá yẹn ti bá wọn polówó bàálù, ì báà jẹ́ ní London, ì báà jẹ́ ní Èrúwà. UEFA nìkan ni ò gbà fún wọn. Bó bá ti di Champions League, "Arsenal Stadium" ni wọ́n máa ń kọ, torí wọn ò fẹ́ kí ẹni tí kò sanwó fún àwọn máa polówó ọjà nídìí ìdíje wọn. Ẹ wò ó dáadáa nígbà míì tẹ́ ẹ bá ń wo eré.

Arsenal ló ni pápá tiẹ̀, ohun tó bá wù ú ló lè fi ṣe. Èyí tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí yàtọ̀. Tó bá jẹ́ ohun tí gbogbo ìlú jọ ni ńkọ́? Bọ́sítọ́ọ̀pù, afárá, gáréèjì, ọjà, òpópónà, pápá ìṣeré tí ìjọba fi owó orí kọ́. Ṣé ìjọba lè fi orúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pawó? Ta ló láṣẹ láti ṣe é? Owó náà ńkọ́, àpò ta ló ń lọ?

Háyà ni, kì í ṣe títà

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni ìpolówó tí gbogbo wa mọ̀: pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwòrán lára bọ́ọ̀sì BRT l'Ékòó, àkọlé lára afárá àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Ìjọba ní àyè, ilé-iṣẹ́ sanwó láti lo àyè náà. Èkejì ni ẹ̀tọ́ ìsọlórúkọ. Níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ sanwó kí orúkọ rẹ̀ di orúkọ ibi náà fúnra rẹ̀ fún iye ọdún kan. Kì í wulẹ̀ ṣe pé wọ́n gbé àwòrán kọ́ sí bọ́sítọ́ọ̀pù, bọ́sítọ́ọ̀pù gan-an ló ń jẹ́ orúkọ wọn.

Nínú méjèèjì, nǹkan ìjọba ò kúrò lọ́wọ́ ìjọba. Ó dà bí ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù. Ó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè, ó lè kun ún bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n bí owó ọdún bá tán tí kò san òmíràn, á palẹ̀ mọ́. Lọ́ọ́dù ṣì ni lọ́ọ́dù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú fún wa ní Nàìjíríà ni pé lọ́ọ́dù ọ̀hún, tó jẹ́ èmi àti ẹ̀yin, kì í sábà mọ iye tí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye tó yẹ? Tó bá jẹ́ pátákó, ojú tó ń rí i ni wọ́n ń kà: iye ọkọ̀ tó ń kọjá, bóyá wọ́n máa ń dúró níbẹ̀ nítorí gosiló, bóyá ibẹ̀ mọ́lẹ̀ lálẹ́. Tó bá jẹ́ orúkọ, ẹnu ni wọ́n ń kà: àwọn wo ni yóò máa pè é, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, fún ọdún mélòó.

Ní Brooklyn, New York, ibùdó rélùwéè abẹ́lẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Atlantic Avenue. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bánkì Barclays ló sì gba orúkọ gbọ̀ngàn náà. Àwọn tó kọ́ ọ bá ìjọba ṣe àdéhùn láti máa san 200,000 dọ́là lọ́dọọdún fún ogún ọdún, kí orúkọ Barclays lè wọ inú orúkọ ibùdó rélùwéè náà pẹ̀lú. Ní Philadelphia, ibùdó tó ń jẹ́ Pattison di AT&T lọ́dún 2010, owó tó lé ní 5 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n fi gbà á fún ọdún márùn-ún. Lọ́dún 2018, orúkọ yí padà, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kan tó ń jẹ́ NRG ló gbà á. Ní Dubai, orúkọ ilé-iṣẹ́ lára ibùdó rélùwéè ti di nǹkan ojoojúmọ́.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń lọ wẹ́rẹ́ o. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, nígbà ọ̀sẹ̀ ìpàtẹ aṣọ ní London, wọ́n yí àkọlé ibùdó Bond Street padà sí Burberry Street fún ọjọ́ díẹ̀. 200,000 pọ́n-ùn ni wọ́n gbà níbẹ̀. Àwọn èrò inú ọkọ̀ bá dàrú, wọn ò mọ̀ bóyá àwọn ti dé ibi tí àwọn ń lọ àbí àwọn ti kọjá ibẹ̀. Àwọn ará ìlú bínú gidi. Ẹ sì rò ó wò, ìlú tí gbogbo èèyàn ń wo máàpù lórí fóònù nìyẹn. Tó bá ṣe ní Ìwó Road ni ńkọ́, lágogo méje alẹ́, tí kọ̀ńdọ́ fúnra rẹ̀ ò mọ orúkọ tuntun?

Ẹnu kọ̀ńdọ́ ló ń fúnni lórúkọ

Èyí mú mi rántí ohun kan tí a máa ń gbàgbé. Ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ pe ibi tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ìsọlórúkọ. Berger l'Ékòó, orúkọ Julius Berger ni. Toyota tí wọ́n ń sọ̀ ní ọ̀nà Òṣòdì, orúkọ mọ́tò ni. 7up ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni. N'Ìbàdàn, ẹ lọ sí Challenge, orúkọ ilé ìtàwé kan ló di orúkọ àdúgbò. Sanyo, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Total Garden, ilé epo. Mobil ní Ring Road, ilé epo náà ni.

Kò sí alága kánsù tó tọwọ́ bọ̀wé kankan kí àwọn orúkọ yìí tó dúró. Èrò inú ọkọ̀ ló ń wá ohun tó máa fi júwe ibi tó fẹ́ sọ̀. "Ọ̀wá níwájú Challenge yẹn o!" Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé Sanyo lónìí ò lè júwe ibi tí ilé-iṣẹ́ náà wà, síbẹ̀ orúkọ ò lọ. Ìpolówó ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀fẹ́ ni wọ́n jẹ ẹ́.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ parí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n sọ àwọn ibùdó rẹ̀ lórúkọ àwọn èèyàn ńlá: Mobolaji Johnson ní Alágoméjì, Wọlé Ṣóyínká l'Ábẹ́òkúta, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Orúkọ ọ̀wọ̀ ni gbogbo wọn, ó sì yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń lọ wọ rélùwéè n'Ìbàdàn ibi tó ń lọ, Mọ́níyà ló máa sọ. Lóṣù Keje ọdún 2025, ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Bàrígà yí bọ́sítọ́ọ̀pù Charly Boy padà sí Olamide Baddo, ẹ̀yin náà rí bí Twitter ṣe gbóná lọ́jọ́ yẹn. Àwa nílé ńkọ́? Kampọ́ọ̀sì Poly Ìbàdàn tó wà l'Érúwà ti di ilé-ẹ̀kọ́ tó dá dúró, Adeseun Ogundoyin Polytechnic ló ń jẹ́ báyìí, orúkọ ọmọ Èrúwà pàtàkì tó jẹ́ oníṣòwò ńlá. Ọ̀wọ̀ nìyẹn náà, kò ní ọjà títà nínú. Ṣùgbọ́n ẹ wọkọ̀ láti Ìbàdàn kẹ́ ẹ sì gbọ́ ohun tí àwọn èrò máa pè é: Poly Èrúwà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé ibẹ̀ gan-an ni iye orúkọ wà. Ìjọba lè kọ ọ́ sí pátákó, ilé-iṣẹ́ lè sanwó, ṣùgbọ́n bí ẹnu aráàlú ò bá gbà á, ọ̀dà lásán ni wọ́n rà. Nítorí náà, aráàlú wà nínú ọjà yìí. Àwa la ń ṣe iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún. Ó yẹ ká mọ ibi tí owó iṣẹ́ wa ń lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Manchester

Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí mo mọ̀, èyí tó ń dùn mí jù ni ti Manchester, àwọn ọmọ City sì máa bínú sí mi. Pápá tí ẹ ń pè ní Etihad, Manchester City kọ́ ló ni ín o. Kánsù ìlú Manchester ló ni ín. Ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ti ọdún 2002 ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ, owó ìlú ni. City kó wọ ibẹ̀ lọ́dún 2003 gẹ́gẹ́ bí ayálégbé.

Àdéhùn àkọ́kọ́ ni pé bí èrò ìwòran bá lé ní 35,000, kánsù á gba ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì tó lé yẹn. Lọ́dún 2010, wọ́n tún àdéhùn náà ṣe. Kánsù ní kí City máa san 3 mílíọ̀nù pọ́n-ùn gbáko lọ́dọọdún, City sì gba ẹ̀tọ́ láti ta orúkọ pápá náà. Ọdún kan péré lẹ́yìn ìyẹn, City bá Etihad ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá tí ìròyìn gbé pé ó lè tó 400 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, ẹ̀wù àti agbègbè tó yí pápá ká wà nínú rẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́nà mẹ́wàá, 30 mílíọ̀nù nìyẹn, owó háyà ni gbogbo rẹ̀. Lọ́wọ́ ayálégbé, nǹkan bí 400 mílíọ̀nù. Mi ò ní wọ́n rẹ́ kánsù jẹ o. Owó ẹ̀wù wà nínú ti City, àwọn olówó Abu Dhabi tó ni City sì ná owó ńlá sí àdúgbò yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí kánsù fi ẹ̀tọ́ orúkọ sílẹ̀, wọn ò sọ pé, "Iyekíye tẹ́ ẹ bá ta orúkọ yìí, ẹ fún wa ní ìdá báyìí nínú rẹ̀." Owó gbáko ni wọ́n gbà. Ẹni tó ta kòkó rẹ̀ kí ọjà tó gbé owó lé e mọ bó ṣe máa ń rí.

Bí kánsù tó ní lọ́yà àti akáǹtáǹtì kún ilé bá lè gba 3 mílíọ̀nù nínú irú ọjà yìí, kí ni kánsù tiwa máa gbà lọ́jọ́ tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan bá gbé jíìpù dé pẹ̀lú ìwé tó ti tẹ̀ tán?

Ta ló láṣẹ?

Ẹ ṣí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ẹ lọ sí Àfikún Kẹrin lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà. Ó sọ ọ́ kedere pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ń sọ títì àti òpópónà lórúkọ, òun ló ń fún ilé ní nọ́ḿbà. Òun ló ń kọ́ ọjà, gáréèjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò, tó sì ń bójú tó wọn. Pátákó ìpolówó ìta náà, òun ni wọ́n gbé àkóso rẹ̀ lé lọ́wọ́. Tí a bá mú un bó ṣe wà nínú ìwé, kánsù Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà l'Érúwà níbí, ló láṣẹ lórí gbogbo nǹkan tó ṣeé fi pawó láàárín Èrúwà àti Lánlátẹ̀.

Tí a bá wá wo ojú títì, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá LASAA sílẹ̀ lọ́dún 2006 láti máa ṣàkóso pátákó ìpolówó. Ọ̀yọ́ ní OYSAA tirẹ̀, Ògùn ní OGSAA. Àwọn tó gbèjà wọn máa ń sọ pé tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún kánsù kọ̀ọ̀kan, pátákó á di igbó, ẹnikẹ́ni á máa gbé irin dúró níbi tó bá wù ú, atẹ́gùn á sì gbé e lu ọlọ́kadà. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, ẹni tó bá mọ Èkó ṣáájú LASAA mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn kánsù náà máa ń sọ pé iṣẹ́ àwọn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn. Òótọ́ wà nínú ìyẹn náà. Ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ jù ni ìyá tó kọ "Ìyá Ìbejì Frozen Foods" sára pátákó kékeré, tí èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá ń fún ní bébà pé kó wá sanwó.

Gáréèjì náà kò yàtọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ti dá NURTW dúró lọ́dún 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń yan àwọn tó ń bójú tó gáréèjì. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé owó tó ń ti Àbújá bọ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ kánsù tààrà. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n owó Àbújá ló dá lé, kò fi òpin sí ìjà lórí pátákó. Torí náà ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí gáréèjì Èrúwà lọ́la, ó ṣeé ṣe kó gba ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ lọ, kó má tilẹ̀ bá kánsù sọ̀rọ̀.

Kí ni Èrúwà ní láti tà?

Ẹlòmíì á ní Èrúwà kì í ṣe Ìkẹjà, ta ló fẹ́ polówó níbẹ̀? Mi ò gbà. Iye èèyàn tó ń gbé ìlú nìkan kọ́ ni wọ́n ń kà, wọ́n ń ka àwọn tó ń kọjá náà. Ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ àti gàrí ń gbabẹ̀, àwọn tó wá ra ẹ̀gúsí ń gbabẹ̀, àwọn tó ń lọ wo ọdún ìbejì ní Ìgbò-Ọrà ń gbabẹ̀, àwọn ọmọ Poly ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta oògùn apakoríko, ajílẹ̀ tàbí tírákítọ̀, ibo ló tún fẹ́ wá àgbẹ̀ lọ tó ju Ìbàràpá? Bánkì orí fóònù tó ń wá oní-POS ńkọ́? Àwọn yẹn ò nílò Ìkẹjà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan gbé e wò, àbá lásán ni o, kò tíì ṣẹlẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní òun fẹ́ kọ́ bọ́sítọ́ọ̀pù tó ní òrùlé, iná sólà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ojú títì, kí ibẹ̀ máa jẹ́ orúkọ òun fún ọdún márùn-ún, òun á sì máa san 300,000 náírà fún kánsù lọ́dọọdún. Ó dùn létí. Gbogbo ìlú á pàtẹ́wọ́. Owó ọdún márùn-ún jẹ́ mílíọ̀nù kan àbọ̀.

Ó dáa. Ta ni yóò máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ẹ mú ẹnì kan tó ń wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ fún un ní 50,000 lóṣù. 600,000 lọ́dún kan nìyẹn. Lọ́dún márùn-ún, mílíọ̀nù mẹ́ta. Kánsù gba mílíọ̀nù kan àbọ̀, ó ná mẹ́ta, a ò sì tíì ra omi, a ò tíì pààrọ̀ bátìrì sólà, a ò tíì tún ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọ gbá fọ́ ṣe. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ níkẹyìn yé gbogbo wa: wọ́n á ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pa lóṣù kẹfà, orúkọ ilé-iṣẹ́ á ṣì máa tàn lókè.

Àdéhùn tó dáa á yí i padà: ilé-iṣẹ́ ni yóò máa tọ́jú ibẹ̀ títí ọdún márùn-ún á fi pé, owó tó ń san fún kánsù á sì wà lọ́tọ̀, tí ibẹ̀ bá dọ̀tí fún iye ọjọ́ báyìí, orúkọ á wálẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ pé ohun tó lówó lórí lòun ń fi sílẹ̀ kò ní rántí bèèrè.

Mo mọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ kan kun ògiri rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé òkè ní àwọ̀ ọjà wọn. Títì ńlá ni ilé-ìwé náà kọjú sí. Wọ́n ya fọ́tò, ọ̀gá àgbà dúpẹ́, àwọn ọmọ kọrin. Mo bi ọ̀gá àgbà pé èló ni wọ́n san. Ó wò mí bíi pé mo bú òun. "Ṣé ẹ ò rí ọ̀dà ni?" Lẹ́yìn ògiri tuntun yẹn, páànù kíláàsì mẹ́ta ló ń jò. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ aládàáni ni wọ́n fẹ́ gbé bílíbọ́ọ̀dù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sí, wọ́n á san owó ọdọọdún fún onílẹ̀.

Tí ilé-iṣẹ́ bá kú, tàbí tó bá yí orúkọ padà

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ á rántí. Láàárín ọdún 2001 sí 2010, ilé-iṣẹ́ fóònù kan ṣoṣo jẹ́ Econet, ó di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, ó wá di Airtel. Ká ní gáréèjì wa jẹ́ orúkọ rẹ̀ látìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin la máa ti kọ ọ́ látọ̀tun. Ta ni yóò sanwó ọ̀dà? Ó yẹ kó wà nínú ìwé.

Ti Miami burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Miami-Dade ló ni gbọ̀ngàn tí Miami Heat ti ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2021, FTX, àwọn oní-crypto yẹn, gba orúkọ rẹ̀ fún ọdún 19, 135 mílíọ̀nù dọ́là ni àdéhùn náà. Ìjọba ti ṣètò pé owó náà ni àwọn máa fi gbógun ti ìwà ipá ìbọn láàárín àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Oṣù Kọkànlá ọdún 2022, FTX wó lulẹ̀. Èmi ò ní bi ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí pé èló ni FTX jẹ yín. Ìlú náà ní láti lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n tó lè yọ orúkọ náà, ètò tí wọ́n gbé lé owó yẹn sì gbọ́dọ̀ wá owó mìíràn. Lọ́dún 2023, ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Kaseya gba ibẹ̀.

Ta ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn tiwa? Ẹ má tan ara yín, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ni. Àwọn lówó wà lọ́wọ́ wọn jù, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n sì ń wá. Ní England pàápàá, àwọn ẹgbẹ́ Premier League fẹnu kò pé bí sáà 2025/26 bá ti parí, kò ní sí tẹ́tẹ́ níwájú ẹ̀wù mọ́. Èrò tèmi nìyí, ẹ lè bá mi jiyàn: gáréèjì, bọ́sítọ́ọ̀pù, pápá ìṣeré, ká háyà orúkọ wọn jáde tí owó bá dáa. Ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti orúkọ àdúgbò tí àwọn baba wa fi sílẹ̀, ká má ṣe. Tẹ́tẹ́ àti ọtí líle, ká má gbé wọn sí ẹnu ọ̀nà Poly, iyekíye tí wọ́n bá fẹ́ san.

Ẹ kọ lẹ́tà

Ẹ ò nílò láti di kánsílọ̀ kẹ́ ẹ tó bèèrè. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n fi ìwé kan han òun, láìsọ ìdí. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń sọ pé òfin yẹn ò kan àwọn, àfi ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ lóṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo ìjọba, tó fi mọ́ ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀.

Lẹ́tà náà ò gbọ́dọ̀ gùn. Ẹ lọ sí títì, ẹ mú pátákó kan tàbí méjì tó wà lórí ilẹ̀ ìjọba, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ kọ ibi tí wọ́n dúró sí gan-an. Kẹ́ ẹ wá bi kánsù, kẹ́ ẹ sì kọ irú rẹ̀ sí OYSAA: ta ló fún wọn láyè, èló ni wọ́n ń san lọ́dún, ọdún mélòó ló kù, àkáǹtì wo ni owó náà wọ̀. Ẹ ní kí wọ́n bá yín fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín, kí ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lè hàn. Ti ọ̀nà Poly ni màá kọ́kọ́ kọ tèmi lé lórí. Èsì tí wọ́n bá fún mi, bó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, ibí yìí ni màá gbé e sí.